Kóòṣì wo ni ká fa ọmọbìnrin lé lọ́wọ́ bó bá jẹ́ pé yunifásítì là ń wò?

Ìyá ọmọ, Houston

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 12, àárín pápá ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní sáà tó ń bọ̀, wọ́n á kúrò ní ẹni mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án, wọ́n á bọ́ sí pápá ńlá ẹni mọ́kànlá. Ẹgbẹ́ méjì ló ń fẹ́ ẹ. Èkíní wà ní ECNL, líìgì ńlá àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ife ẹ̀yẹ tí kóòṣì wọn ti gbà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, àmọ́ ariwo ẹnu rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ, ọmọ 22 ló sì kó jọ. Èkejì kò lórúkọ tó bẹ́ẹ̀, líìgì wọn rẹlẹ̀ díẹ̀. Obìnrin tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì ni kóòṣì wọn, ó sì ní ọmọ mi á máa wà lára mọ́kànlá àkọ́kọ́. Bàbá rẹ̀ ní ECNL ni ká lọ, pé báàjì ara aṣọ yẹn ni àwọn yunifásítì ń wò. Sikọ́láṣíìpù la ń lé o, mi ò ní purọ́. Èwo ni ká mú?

---

Kóòṣì ọmọdé, Dallas

Ọ̀pọ̀ òbí á sọ fún yín pé ẹ sáré gba ti ECNL kí àyè tó kún. Àmọ́ ọmọ ọdún 12 ni ọmọ yín. Lábẹ́ òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, kóòṣì Division I, ìpele tó ga jù, kò gbọdọ̀ pe ọmọ lórí fóònù tàbí kọ̀wé sí i pé òun fẹ́ ẹ, àfi tó bá di ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà lẹ́yìn tí ọmọ náà parí kíláàsì kẹwàá. Kí wọ́n tó pè é wá wo ọgbà ilé ìwé, ó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ kó tó wọ kíláàsì kọkànlá. Ẹni tẹ́ ẹ ń tìtorí rẹ̀ ra báàjì kò lè bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin sí i. Ní báyìí, ẹni tó máa kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù ló nílò, kì í ṣe ẹni tó máa polówó rẹ̀.

Ẹ lọ síbi ìdánrawò àwọn méjèèjì láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ má wo ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù. Ẹ mú ẹni tó wà láàárín wọn, kò le jù, kò rọ̀ jù, kí ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú 10, kí ẹ máa ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá tò sórí ìlà, tí ẹni mẹ́wàá ń dúró kí ẹnì kan gbá a sí gólì, iye yẹn ò ní tó nǹkan. Kóòṣì tó mọṣẹ́ á pín wọn sí mẹ́rin sí méjì tàbí mẹ́rin sí mẹ́rin nínú àyè kékeré, kò ní sí ibi tí ọmọ lè sá pamọ́ sí.

Ẹ wá wo orí àwọn ọmọ. Ṣé wọ́n ń bojú wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ wọn? Ọmọ àárín pápá tí kò bá bojú wẹ̀yìn, eré sísá àti agbára lè bo àléébù náà mọ́lẹ̀ lọ́mọ ọdún 12. Bó bá pé 16 tí gbogbo wọn ti dàgbà, wọ́n á ti já bọ́ọ̀lù gbà kó tó yíjú padà. Ohun tí kóòṣì yunifásítì kọ́kọ́ ń wò lára ọmọ àárín nìyẹn, kò sì ṣeé kọ́ ní oṣù mẹ́ta.

Ẹ tún tẹ́tí sí ohun tó ń sọ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lẹ́sẹ̀ ọmọ. Bó bá jẹ́ "Gbé e jìnnà!" ni ṣáá, ife ló ń wá. Bó bá jẹ́ "Kí lo rí kí bọ́ọ̀lù tó dé?", olùkọ́ nìyẹn.

---

Bàbá agbábọ́ọ̀lù, Maryland

Kóòṣì, ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ ẹ má fi tan ìyá ọmọ. Líìgì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Kóòṣì yunifásítì àti àwọn igbákejì rẹ̀ kò pọ̀, owó ìrìnàjò wọn náà kò pọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń gbá fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ọgbà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń lọ, wọ́n á rìn láti pápá kan sí òmíràn pẹ̀lú àga àti ìwé lọ́wọ́. Ìdí tí wọ́n fi dá ECNL sílẹ̀ ní 2009 nìyẹn, ohun kan náà ni Girls Academy, líìgì míì irú rẹ̀, ń ṣe láti 2020 tí U.S. Soccer, àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ti pa Development Academy, líìgì ọmọdé tiwọn, rẹ́. Kò sẹ́ni tó máa wakọ̀ wákàtí mẹ́rin lọ wo ọmọ kan ní líìgì àdúgbò.

Ohun kejì, ọmọ tó ń fi ayò mẹ́fà na ẹlòmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò kọ́ ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kó lọ síbi tí wọ́n ti le jù ú lọ.

---

Kóòṣì ọmọdé, Dallas

Ẹ̀gbọ́n, mi ò jiyàn, ìgbà tó yẹ ni mo ń sọ. Láti ọmọ ọdún 15 lọ sókè, líìgì di dandan fún ẹni tó ń wo Division I. Lọ́mọ ọdún 12, ìṣẹ́jú orí pápá ló ṣe pàtàkì. Eré ọmọ ọdún 13 jẹ́ ìṣẹ́jú 70, ọmọ 22 ló sì máa pín in. Ẹni tó bá wà ní ipò 16 sí 22 lè lo ìṣẹ́jú 15 kó sì padà sílé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, kò sí ìdánrawò tó máa dí àlàfo yẹn.

Torí náà, ẹ bi ti ECNL yẹn: ọmọ mélòó lẹ máa ń mú lọ sí eré kan? Àwọn tó bá ṣẹ́ kù ńkọ́, ṣé ẹ máa ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kejì kí wọ́n gbá lọ́sẹ̀ náà? Ìdáhùn tó dáa wà fún ìbéèrè yìí, ẹgbẹ́ tó mọṣẹ́ ní ìlànà tó kọ sílẹ̀. Bó bá ní "ẹni tó bá ṣiṣẹ́ á gbá", kò tíì dá yín lóhùn.

Nǹkan míì tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò kà sí. Láti sáà 2026-27, wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń pín ọjọ́ orí padà. Kì í ṣe oṣù Kìíní sí oṣù Kejìlá mọ́, ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ sí ọjọ́ 31 oṣù Keje ni. Ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù Kẹsàn-án á wá bọ́ sáàárín àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó sì lè di ẹ̀gbọ́n láàárín wọn. Ẹ béèrè ẹgbẹ́ tí ọmọ yín á bọ́ sí àti kóòṣì tó ni ín. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ kóòṣì tẹ́ ẹ lọ wò yẹn rárá.

---

Ìyá agbábọ́ọ̀lù, Atlanta

Lórí àwòrán "mo ti yan yunifásítì báyìí-báyìí" tí àwọn ẹgbẹ́ ń gbé sórí Instagram: ìpolówó ni. Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní orúkọ ilé ìwé táwọn ọmọ ọdún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn lọ. Ẹ wọ ojú òpó àwọn ilé ìwé náà, ẹ wá ibi tí wọ́n to orúkọ agbábọ́ọ̀lù sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ ẹgbẹ́ tí ọmọ ti wá síbẹ̀. Ẹ wo ti ọdún tó tẹ̀ lé e: ṣé ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀? Ẹ wo iye eré tó gbá. Ẹgbẹ́ tó ń kó ọmọ lọ síbi tí wọn ò ti ní lò wọ́n, tí gbogbo wọn ń fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́dún kejì, a jẹ́ pé kóòṣì ibẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń wọn ọmọ mọ́ ilé ìwé nìyẹn.

Ẹ tún béèrè ọjọ́ orí tí ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ tó wọlé lọ́mọ ọdún 16, tó ti mọ bọ́ọ̀lù tán, kóòṣì àtijọ́ rẹ̀ ló ṣiṣẹ́.

---

Akáùńtáǹtì, Chicago

Ó dà bíi pé gbogbo wa ti fo sikọ́láṣíìpù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Títí di 2025, sikọ́láṣíìpù 14 ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin Division I lè pín, wọ́n sì máa ń gé e wẹ́wẹ́ fún ọmọ tó pọ̀ ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn àdéhùn ẹjọ́ House, tí àwọn eléré ìdárayá pe NCAA, tí adájọ́ fọwọ́ sí lóṣù Kẹfà 2025, ilé ìwé tó bá wọ àdéhùn náà lè fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lówó, àmọ́ kò gbọdọ̀ ní ju ọmọ 28 lọ. Ó *lè* fún wọn ni mo wí o, kò sí òfin tó fi dandan mú un. Àyè náà tún ti há, torí kóòṣì tó bá ń wá ẹni tó máa gbá lọ́la lè mú ọmọ ọdún 20 láti inú transfer portal, ibi tí àwọn ọmọ yunifásítì tó fẹ́ pààrọ̀ ilé ìwé ń forúkọ sílẹ̀ sí, dípò ọmọ yín. Division II ní 9.9 fún odindi ẹgbẹ́. NAIA, àjọ míì tó yàtọ̀ sí NCAA, ní 12. Division III kò ní kọ́bọ̀ fún bọ́ọ̀lù, owó ìwé àti ìrànwọ́ fún ẹni tí agbára òbí rẹ̀ kò tó ni wọ́n ń fúnni, ìyẹn sì máa ń ju ìdá sikọ́láṣíìpù bọ́ọ̀lù lọ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ivy League, àwọn yunifásítì olókìkí bíi Yale, náà kò fúnni ní sikọ́láṣíìpù bọ́ọ̀lù. Ìyá Houston, ẹ wo Michelle Alozie ti Super Falcons: Yale ló ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó lọ sí Tennessee, ó sì tún ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Texas Children's Hospital níbẹ̀ yẹn nígbà tó ń gbá fún Houston Dash.

Bí owó ẹgbẹ́, ọkọ̀ òfuurufú àti hòtẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ $5,000 lọ́dún, láti ọdún 10 sí 17, ọdún mẹ́jọ, $40,000 nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ́ torí owó nìkan ló ṣe ń ṣe é, kó kó o sínú àpò 529, ìyẹn àpò ìfowópamọ́ fún owó ilé ìwé, kí ọmọ máa gbá bọ́ọ̀lù ní ṣọ́ọ̀ṣì.

---

Bàbá agbábọ́ọ̀lù, Maryland

Ẹ̀yin akáùńtáǹtì, ẹ ò mọ̀ ju ká máa ba ọjà jẹ́ lọ! Àmọ́ òótọ́ ni. Ẹ fi kún un pé NCAA ń béèrè kọ́ọ̀sì pàtàkì 16 ní sẹ́kọ́ńdírì, fún Division I, 10 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí kí kíláàsì kejìlá tó bẹ̀rẹ̀, GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì, kò sì gbọdọ̀ dín ní 2.3 fún Division I, 2.2 fún Division II. Wọ́n ti yọ ìdánwò àwọlé SAT àti ACT kúrò níbẹ̀ láti 2023, ṣùgbọ́n ilé ìwé kan ṣì lè béèrè rẹ̀. Kóòṣì tó mú ọ̀rọ̀ yunifásítì ní òótọ́ á béèrè máàkì ọmọ lọ́wọ́ yín láìjẹ́ pé ẹ rán an létí.

---

Nọ́ọ̀sì àti ìyá, Baltimore

Ariwo ẹnu tí ìyá ọmọ mẹ́nu bà ni mo fẹ́ padà sí. Àwa Yorùbá, a ní àṣà kan: a mú ọmọ dé ọ̀dọ̀ olùkọ́, a ní "ẹ bá mi tọ́ ọ, ọmọ yín ni". Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún kóòṣì bọ́ọ̀lù lórílẹ̀-èdè yìí. Ìwádìí tí agbẹjọ́rò Sally Yates ṣe, tí wọ́n gbé jáde lóṣù Kẹwàá 2022 lórí ìwà ìkà sí àwọn obìnrin ní NWSL, líìgì àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Amẹ́ríkà, sọ gbangba pé látinú bọ́ọ̀lù ọmọdé ni gbòǹgbò rẹ̀ ti wá, níbi tí bíbú ọmọ ti di nǹkan tí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú.

Kóòṣì gbọ́dọ̀ ti ṣe ẹ̀kọ́ SafeSport, ẹ̀kọ́ nípa dídáàbò bo ọmọ níbi eré ìdárayá. Ẹ ní kó fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Ẹ wọ ojú òpó U.S. Center for SafeSport, ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n ti fìyà jẹ wà, ẹnikẹ́ni lè tẹ orúkọ kóòṣì síbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Kò túmọ̀ sí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́ tónítóní. Òfin wọn ni pé kóòṣì àti ọmọ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ wà níbi tí ojú ẹlòmíràn kò tó. Bó bá fẹ́ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọmọ, òbí tàbí àgbàlagbà míì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dá gbé e sínú ọkọ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti fún un láyè. Ẹ sọ fún kóòṣì lójú ara rẹ̀ pé ẹ mọ òfin yìí, kẹ́ ẹ máa wo ojú rẹ̀.

Ariwo lásán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pápá tóbi. Ẹni tó ń pariwo "Tẹ̀ sí òsì!" yàtọ̀ sí ẹni tó ń sọ pé ọmọ ti sanra jù.

---

Olùtọ́jú iṣan ara, Houston

Orúnkún. Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ orúnkún, òun ló sì ń gba yunifásítì lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí. ACL, iṣan tó di orúnkún mú, máa ń já lára ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ, ó lé ní ìlọ́po méjì, láti ìgbà tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Bó bá já, ó kéré tán oṣù 9 ni kó tó padà sórí pápá. Bó bá bọ́ sí kíláàsì kẹwàá sí ìkọkànlá, ìgbà tí wọ́n fẹ́ wò ó gan-an ló wà nílé.

Ẹ tètè dé ibi ìdánrawò, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń nara. Bí wọ́n bá yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n dúró na ẹsẹ̀, tó parí, kóòṣì yẹn kò ka orúnkún sí. Èyí tó yẹ ni 11+ ti FIFA, ètò ìnara tó ń dènà ìfarapa: eré ìdárayá 15, ìṣẹ́jú 20, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ sáré jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 8. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú 10 ti agbára: wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara dúró gbọọrọ, ọmọ kan á kúnlẹ̀, èkejì á di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, á wá máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ láìtẹ ìdí, wọ́n á fi ẹsẹ̀ kan dúró, wọ́n á fò, wọ́n á sì balẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti eré kíkan àti yíyà bàrá.

Níbi bíbalẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ ti wo kóòṣì, kì í ṣe ọmọ. Orúnkún gbọ́dọ̀ wà lókè ìka ẹsẹ̀ gbọnrangandan. Bí orúnkún méjèèjì bá ń wọ inú síra wọn, tí kóòṣì ò dá ọmọ dúró, tó ń wo fóònù, ọ̀fo ni gbogbo rẹ̀.

Ti orí náà wà. Ọmọ ọdún 12 àti 13, U.S. Soccer fi ààlà sí i: kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 30 lọ́sẹ̀ ní ìdánrawò, kò sì gbọdọ̀ ju ìgbà 15 sí 20 tí ọmọ kan fi orí gbá bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ bi kóòṣì léèrè iye yìí, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó mọ̀ ọ́n.

---

Òbí kan, Ìbàdàn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ọmọ tó wà nílé ńkọ́? Ẹnì kan ní ká san owó kí òun bá ọmọ mi gba sikọ́láṣíìpù ní Amẹ́ríkà.

---

Bàbá agbábọ́ọ̀lù, Maryland

Ẹ má san kọ́bọ̀. Kóòṣì yunifásítì kì í gba owó lọ́wọ́ òbí kó tó fúnni ní sikọ́láṣíìpù. Ọ̀nà náà wà lóòótọ́: Deborah Abiodun kúrò ní Rivers Angels lọ sí University of Pittsburgh ní 2023. Ohun tó nílò ni fídíò odindi eré, èsì WAEC àti ti kíláàsì rẹ̀, pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ ní NCAA Eligibility Center, ibi tí wọ́n ti ń wò ó bóyá ọmọ kúnjú òṣùwọ̀n. Kó má sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ kankan láìkọ́kọ́ bi wọ́n níbẹ̀, torí ó lè pa á lára. Ẹ ṣí ìbéèrè tuntun, ká má bàa sọnù mọ́ ìyá Houston lọ́wọ́.

---

Ìyá agbábọ́ọ̀lù, Atlanta

Ohun kan ṣoṣo tó tún kù tí kóòṣì máa ṣe fún yunifásítì ni fóònù. Ọmọ ló ń kọ ímeèlì fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìyá rẹ̀: ọdún tó máa jáde, ipò tó ń gbá, GPA, nọ́ńbà aṣọ, ọjọ́ àti pápá eré tó ń bọ̀, fídíò ìṣẹ́jú 3 sí 5 tí wọ́n fi àmì yí ọmọ ká kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ilé ìwé bá nífẹ̀ẹ́ sí i, kóòṣì ẹgbẹ́ ni wọ́n máa pè. Torí náà, ẹ bi àwọn méjèèjì báyìí: "Bí yunifásítì bá pè yín lórí ọmọ ọdún 16 tí kò tó Division I, kí lẹ máa wí fún wọn, kí lẹ sì máa wí fún òbí rẹ̀?" Kóòṣì tó ń parọ́ fún yunifásítì, wọn ò ní gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé e ló ń jẹ gbèsè yẹn.

---

Ìyá ọmọ, Houston

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bi wọ́n. Ti ECNL ní ọmọ 18 lòun ń mú lọ sí eré, àwọn tó kù lọ sí ẹgbẹ́ kejì, kò sì mọ 11+. Obìnrin yẹn mọ̀ ọ́n, ó fi ìwé SafeSport rẹ̀ hàn mí kí n tó béèrè, ó sì ní bí ọmọ bá pé 14, tó sì lágbára tó, òun fúnra òun máa ń pe ECNL kí wọ́n wá wò ó. Bàbá rẹ̀ ṣì ń jiyàn. Wọ́n ní ká dáhùn láàárín wákàtí 48.

---

Kóòṣì ọmọdé, Dallas

Obìnrin yẹn ni kẹ́ ẹ mú, fún ọdún méjì. Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ pé a ò pa ECNL tì, a sún un síwájú ni.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ka ìwé àdéhùn dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé odindi ọdún lẹ máa san bí ọmọ bá tilẹ̀ fara pa tàbí bí kóòṣì bá kúrò. Ẹ kọ ímeèlì sí olórí ẹgbẹ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó máa kọ́ ẹgbẹ́ ọmọ yín ní sáà náà, àti iye tí wọ́n máa dá padà bó bá yí padà. Bí wákàtí 48 bá ti fẹ́ pé, ẹ bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta sí i. Ẹni tó fẹ́ ọmọ àárín pápá tó ń bojú wẹ̀yìn á dúró. Ẹ san owó tẹ́ ẹ fi máa di àyè mú nìkan, kẹ́ ẹ má san odindi rẹ̀ kí ìdáhùn ímeèlì yẹn tó dé.